Sẹ́nétọ̀ Tó Gbógun Ti Ilá

Ẹsẹ̀ léèyàn fi ń kọ kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí, ẹnu ló fi kọ, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ọpọ́n ló sì ṣubú sí, níṣojú gbogbo wa, lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó tì í.

Truett Gosnell lorúkọ rẹ̀, Sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú àwa ará agbègbè Tolliver nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oklahoma. Bó bá fẹ́ jẹun àárọ̀ nílé oúnjẹ Wanda ní ìlú Red Mule, kì í kàn wọlé bí ẹlòmíì. Dub Hickle, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ wọlé, yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì pariwo pé: "Ẹ dìde fún Ọlọ́lá jù lọ!" Gbogbo wa yóò bá dìde. Ẹni tó mú ṣíbí dání á dìde, ẹni tí ẹyin ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀ á dìde, àgbẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ti wú á di tábìlì mú, á dìde díẹ̀díẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán kí Sẹ́nétọ̀ tó ní ká jókòó. Wanda máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí Sẹ́nétọ̀ bá wá, kọfí òun kì í gbóná délẹ̀ ife.

Wọ́n fi afárá kan sọrí rẹ̀ lọ́nà oko. Bí mo ṣe ní afárá yẹn, ẹ má tíì máa ro odò. Páìpù kan ni wọ́n rì sábẹ́ títì kí omi òjò lè rí ibi gbà. Ṣùgbọ́n pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gùn ju afárá náà lọ, àwọn màlúù a sì máa fara họ ọ́. Nílé aṣòfin, ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ìwà rere nípìínlẹ̀ wa. Òun ni alága, òun ni akọ̀wé, òun náà sì ni ọmọ ìgbìmọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìgbìmọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan, inú ló ń run ún lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ ọn jù láti sọ ni pé àgbẹ̀ lòun. Lọ́yà ni. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, lọ́yà ni bàbá bàbá rẹ̀. Bó bá ti rí èèyàn mẹ́ta níbì kan, á gbé ẹsẹ̀ kan sórí nǹkan gíga kí wọ́n lè rí bàtà búùtù rẹ̀, á ní, "Àárín ebè ilá ni ìyá mi bí mi sí!" Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Tulsa ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Búùtù náà kò mọ ẹrẹ̀ rí, ẹrẹ̀ náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ẹ rántí bí ìpínlẹ̀ wa ṣe rí nígbà náà lórí ọ̀rọ̀ igbó. Mi ò sọ igbó tí ọdẹ ń wọ̀; èyí tí wọ́n ń mu ni mò ń wí. Bí wọ́n bá ká ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Oklahoma láyé ìgbà yẹn, àfi káwọn ọmọ rẹ máa fi fọ́tò rántí ojú rẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Harlan Outhier nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ni fún Sistá Velma Outhier, opó tó ń tẹ dùùrù fún wa ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Harlan lọ sógun ní Iraq, ó sì padà wálé pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kó sùn. Oògùn tí dókítà fún un wá sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, tí ojú rẹ̀ á sì là kalẹ̀ lóru. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú òróró igbó wá fún un láti Colorado. Harlan sùn mọ́jú. Sistá Velma ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, òun ń gbọ́ híhanrun rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi rí ìgò náà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ibi tó ti ń tún katakata ṣe ní àwọn kò lè gba ẹlẹ́wọ̀n padà, ibòmíì tó lọ náà ń sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí katakata kan ní gbogbo Tolliver tó ń ṣàìsàn tí Harlan kò mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Sistá Velma kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ jọ káàkiri ìpínlẹ̀ kí aráàlú lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ igbó, ó gbé ìwé, ó gbé bírò, ó sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn Pásítọ̀ Lyle.

"Sistá Velma, igbó kẹ̀?"

"Igbó ni, Pásítọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ dùùrù fún Olúwa?"

"Pásítọ̀, ṣé ẹ sùn lánàá?"

"Mo sùn dáadáa, ma."

"A dúpẹ́. Ọmọ tèmi ò sùn. Ibí yìí lẹ máa fọwọ́ sí."

Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fọwọ́ sí i tínńtín bí ẹni pé èèrà ló kọjá lórí ìwé.

Orúkọ pé, wọ́n sì fi ìdìbò sí oṣù kẹfà ọdún 2018: ṣé kí òfin jẹ́ kí aláìsàn máa fi igbó ṣe oògùn, àbí kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kan náà ni ẹgbẹ́ Sẹ́nétọ̀ máa yan ẹni tí yóò gbé àsíá wọn. Nadine Pogue, tó ti kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, jáde láti bá a du ipò. Sẹ́nétọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí Dub bá òun di ìgbànú mú. Ó ní òun kò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀ lórí obìnrin yẹn; ọ̀rọ̀ igbó lòun máa sọ, igbó náà lòun máa fi wọlé.

Ọjà màlúù ló ti sọ̀rọ̀. Dub ti lọ síwájú láti kọ́ wa níbi tí a ó ti pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ni Sẹ́nétọ̀ wí, ó gbé búùtù sókè. "Bẹ́ ẹ bá gba igbó láyè, adìyẹ yín ò ní yé ẹyin mọ́! Màlúù yín á máa rẹ́rìn-ín! Ọmọ yín á máa pe bàbá rẹ̀ ní ìyá! Ọ̀nà tó lọ tààrà á wọ́, èyí tó wọ́ tẹ́lẹ̀ á sọ nù! Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù! Èmi Gosnell wà! Èmi àgbẹ̀! Èmi ọmọ ebè! Ibi tí mo dúró sí yìí, mo lè gbóòórùn ewé burúkú yẹn títí dé ẹnubodè Texas!"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn nawọ́. "Sẹ́nétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, màlúù tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé wàrà rẹ̀ á dínkù ni?"

Dub ní ká pàtẹ́wọ́, a sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan Nadine Pogue, ohun tó sọ kò ju pé: "Ọ̀rọ̀ igbó yìí, mi ò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá bi mí tí mi ò mọ̀, màá lọ wádìí rẹ̀." Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan tó ti nasẹ̀ kí wọ́n lè sùn tún jókòó dáadáa.

Ìdìbò ku díẹ̀. Sẹ́nétọ̀ fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n rí òun níbi tí òun ti ń bá igbó jà lójúkojú. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí igbó wà. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá lẹ́yìn ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kan, ló bá pariwo pé kí Dub dúró. Ọgbà Sistá Velma ló rí. Ewé tútù yọ̀yọ̀ ló kún ibẹ̀, ewé tó ya ìka bí ọwọ́ èèyàn.

"Dub! Wo iwájú ẹ! Ṣé o rí i?"

Dub rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: Dub mọ ilá. Ilá ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń jẹun lọ́wọ́ ẹni ńlá, ojú rẹ̀ kì í ríran ju bí ọ̀gá bá ṣe fẹ́.

"Ọlọ́lá," ló wí, "ṣé kò wá... kò jọ..."

"Kò jọ kí ni?"

"Kò jọ ohun tí mo rí rí, sà."

Ọjọ́ kejì, àwọn oníkámẹ́rà dé. Ọlọ́pàá méjì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wo inú ọgbà, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan sì la ẹnu, ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ ti kó ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ Dub, ó sì ti dojú kọ kámẹ́rà.

"Ẹ̀yin ará Oklahoma, ẹ wo ibi tí Sátánì tẹ́ ẹní sí! Ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run gan-an! Ọmọ inú ilé yìí ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ìyá sì wá ń gbìn ín!"

Sistá Velma jáde wá, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, épúróònù lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, Sẹ́nétọ̀. Kí lẹ ń wá nínú ilá mi?"

"Ilá!" Sẹ́nétọ̀ yíjú sí kámẹ́rà. "Ṣé ẹ gbọ́? Ilá ni wọ́n ń pè é báyìí!"

"Ilá àsè ìjọ ni. Èmi ni mo gbìn ín."

"Màmá, ẹ rọra o. Àgbẹ̀ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀!"

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin náà kò roko rí láyé, àmọ́ ó ro ọgbà yẹn. Ó gé ti iwájú, ó gé ti ẹ̀yìn, ó gé okùn tí Sistá Velma ń sá aṣọ lé. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ jábọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sistá Velma dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó kàn ń wo àwọn ilá náà bí wọ́n ṣe ń wó, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí épúróònù, ó ń nu ún títí tí kò fi sí ìyẹ̀fun kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Harlan ti jáde, ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Sẹ́nétọ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn. Ẹ fọwọ́ ra èyí wò."

Ọmọ ilá kékeré kan ló mú dání, àkọ́yọ tó fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Sẹ́nétọ̀ gbà á, ó gbé e síwájú kámẹ́rà, ó rún un tagbáratagbára kí ayé lè rí ìwà ibi rẹ̀. Nígbà tó la ọwọ́, nǹkan ń fà láti ìka dé ìka. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fà. Ó gbọn ọwọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì nu àgbọ̀n, ìyẹn náà ń fà.

Ọmọbìnrin tó mú gbohùngbohùn dání bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Sẹ́nétọ̀, ṣé igbó náà máa ń yọ̀ báyìí?"

"Irú tuntun ni!" ni Sẹ́nétọ̀ wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Oklahoma ti rí i. Lọ́dọ̀ wa, o lè bú èèyàn kó dárí jì ọ́. O lè gba ìbọn rẹ̀ yá, kó o má dá a padà. Ṣùgbọ́n ilá tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, tí wọ́n dín títí tó fi ń dún lẹ́nu, ìyẹn ò sí lára ohun tí à ń fi ṣeré. Èyí tó wá burú jù ni pé ọmọ ebè ilá ni òun tìkára rẹ̀ ní òun jẹ́.

Nílé, Earlene ìyàwó rẹ̀ fún un ní ọṣẹ.

"Truett, lọ sọ fún wọn pé o ṣèṣì."

"Sẹ́nétọ̀ kì í ṣèṣì."

"Ilá ni!"

"Mo mọ̀ pé ilá ni!"

"O mọ̀?"

"Ìgbà tó fà ni mo mọ̀."

Earlene wò ó títí. "Bí ìwọ bá lọ lónìí, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Lọ́la, ẹ̀fẹ̀ á di ẹ̀tẹ́."

Kò lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó pe àwọn oníròyìn, ó sì ka òfin tuntun tó fẹ́ gbé lọ sílé aṣòfin sí wọn létí: Òfin Ààbò Lórí Ewé Tó Ń Fara Wé Ewé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbin ilá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kó sì so orúkọ mọ́ igi kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Ó ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni. Ilá ló ń tan èèyàn jẹ. Dub nìkan ló pàtẹ́wọ́, ìyẹn náà ń wo ilẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín. Bó bá ga jù ú, títẹ̀ la ó tẹ̀ ẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dub wọ ilé oúnjẹ Wanda, ó húkọ́: "Ẹ dìde fún Ọlọ́lá jù lọ!" Kò sẹ́ni tó mira. Àgbẹ̀ olórúnkún wíwú yẹn ń jẹun lọ. Ó ní, "Dub, orúnkún ń dùn mí. Òfin ò jẹ́ kí n rí oògùn." Ẹ̀rín bú ní tábìlì kan, ó ràn dé òmíràn, Sẹ́nétọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí kọfí tirẹ̀ náà fi tutù.

Wanda ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi lọ́kàn jù lọ. Obìnrin náà kórìíra igbó, ó sì ti búra pé òun máa dìbò lòdì sí i. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó ní: "Ilá tí gbogbo wa mọ̀, ó parọ́ mọ́ ọn lójú wa. Igbó tí a ò mọ̀ ńkọ́? Irọ́ mélòó ni ọkùnrin yìí ti pa fún wa lórí ẹ̀?" Mo rí àwọn tó ń ronú tí wọn kò ronú rí.

Àwọn ará ìjọ gbé ilá wá láti ọgbà tiwọn, pẹ̀lú gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀, wọ́n tún un lọ́ sílé Sistá Velma. Pásítọ̀ Lyle ló bu omi sí i. Nadine Pogue wá, ó gbẹ́ ihò, kò sì pe oníkámẹ́rà kankan.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Sẹ́nétọ̀ háyà gbọ̀ngàn. Wọ́n ṣe kéèkì kan níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí òun gẹ́lẹ́, tòun ti àkẹtẹ̀ àti búùtù. Ó ti múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun, ojú ìwé ẹ̀ pọ̀ débi pé Dub ní láti fi àpótí gbé e. Èsì ń wọlé láti Tulsa, láti Lawton, láti Enid, láti àwọn ìlú kéékèèké tí a kò gbọ́ orúkọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Igbó wọlé. Nadine Pogue wọlé. Sẹ́nétọ̀ ní kí wọ́n tún tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣe. Wọ́n gbé òmíràn wá. Nadine wọlé lórí ìyẹn náà.

Àwọn èèyàn ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Earlene, ó ku Dub, ó ku kéèkì. Dub gbé ọ̀bẹ. "Ọlọ́lá," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé orí ni àbí ẹsẹ̀?"

Bí òfin ṣe yí padà nílẹ̀ wa nìyẹn, ẹ ó sì mọ̀ pé àwa kì í fi nǹkan ṣe ìwọ̀nba. Ìpínlẹ̀ tó le koko jù di ìpínlẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù igbó pọ̀ ju ti ẹran lọ. Ilé epo tó ti kú jí padà, wọ́n kun ún láwọ̀ ewé. Àgbẹ̀ olórúnkún wíwú gba káàdì tó fi ń ra igbó, ó sì ń jó níbi ìgbéyàwó. Adìyẹ ń yé ẹyin. A ṣọ́ màlúù lọ ṣọ́ ọ bọ̀, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín.

Harlan ń sùn. Ṣùgbọ́n òfin tuntun kò pa àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ rẹ́. Ohun tí ẹlòmíì ń rà lójúmọmọ ni wọ́n tì í mọ́lé fún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ síbẹ̀.

Gosnell ńkọ́? Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń bá ajá sọ̀rọ̀ nípa ìpínlẹ̀. Ajá náà fara dà á títí, lọ́jọ́ kan ó dìde, ó lọ jókòó sílé aládùúgbò. Earlene ló rí i. Ó jáde, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Truett, iṣẹ́ wo lo kọ́?"

"Àgbẹ̀ ni m..."

"Truett!"

"Lọ́yà."

"O ṣeun. Ọmọ Velma nílò lọ́yà. Dìde."

Ó lọ. Ẹnu ọ̀nà Sistá Velma ló dúró sí, ó ń yí àkẹtẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wakọ̀.

"Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín," ló wí.

"Ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà náà," ni Sistá Velma wí. "Ẹ wọlé. Ẹ nu búùtù yín."

Ọjọ́ ẹjọ́ láti pa àkọsílẹ̀ Harlan rẹ́ pé, kóòtù kún bámúbámú. A kò wá nítorí Harlan nìkan, ẹ jẹ́ n má parọ́. A wá gbọ́ bí Gosnell ṣe máa pẹ́ tó. Àwọn kan gbé oúnjẹ dání. Adájọ́ Kimbrell ti gbé omi síwájú ara rẹ̀.

"Lọ́yà Gosnell, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é ní ṣókí."

Ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé nǹkan, ó tún un gbé kalẹ̀.

"Olúwa mi, ọkùnrin yìí ń wá oorun. Èmi wà lára àwọn tó ní kí wọ́n tì í mọ́lé fún un. Mo ṣèṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé náà."

Ó jókòó. Akọ̀wé kóòtù ṣì gbé ìka sókè, ó ń retí ìyókù. Àpò Earlene jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó parí ni?" ni Adájọ́ béèrè.

"Ó parí, Olúwa mi."

Adájọ́ wò ó bí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ pe dókítà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ síwèé, ó sì pa orúkọ Harlan rẹ́. Sistá Velma sún mọ́ Harlan. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń tẹ ìka lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ dùùrù.

Lójú ọ̀nà ilé, ọkọ̀ Gosnell kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín ń rú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń hó. Harlan àti ìyá rẹ̀ bá òun àti Earlene níbẹ̀. Harlan bọ́ ẹ̀wù tuntun tó wọ̀ lọ sí kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó ṣí iwájú ọkọ̀ náà. Gosnell dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ipa tí àwọn bàbá ńlá wa kó nínú rẹ̀, àti ohun tí òun sọ lórí ọ̀rọ̀ títì nílé aṣòfin.

"Sà," ni Harlan wí láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń sọ."

Gosnell sì dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí tì í, òun náà sì ń gbọ́.